Ẹ̀kọ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́sàn-án

Ọkùnrin kan wà tí ó ku díẹ̀ kí ó gboyè olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Ohun kan ṣoṣo ló kù fún un: kí ó lọ kọ́ àwọn ọmọ girama níṣojú ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ó sì fún un ní máàkì. Bí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ó di ọdún mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti di tíṣà.

Ó múra gan-an ni. Ẹ̀kọ́ tí ó yàn ni bí a ṣe ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ya ìlú kan sórí páálí ńlá, ó kun báńkì ní pupa, ó kun ọjà ní àwọ̀ ewé, ó ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹ̀kọ́ náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò wá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù bà á pé ọ̀gá lè yọ lójijì, ó tún ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? Òun náà ni. Háà! Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ohun kan náà.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ọ̀gá dé, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀kọ́ ń lọ geere. Àwọn ọmọ ń dáhùn ìbéèrè tí tíṣà kò tíì bi wọ́n. Inú ọkùnrin wa ń dùn ṣìnkìn.

Ni bàbá bá dìde. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n láti àárín ọ̀nà. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi Fadérera, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Fadérera fò dìde. Ó ní kí bàbá máa lọ tààrà, kí ó yà sọ́wọ́ òsì níbi báńkì pupa, yóò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Bàbá wo ìta. Oko ẹ̀gẹ́ ló rí.

"Ọmọ mi," ó padà sí Yorùbá, "jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o."

Ojú ti ọkùnrin náà, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó fa páálí rẹ̀ já lára ògiri, ó fa Fadérera dé ojú fèrèsé. "Kí lo ń rí? Sọ ọ́ fún bàbá ní Gẹ̀ẹ́sì!" Ọmọ náà ń wá ọ̀rọ̀. Ó ní igi máńgòrò. Ó ní kànga. Gbogbo kíláàsì ya bo fèrèsé, ẹnì kan ní òsì, ẹlòmíràn ní rárá, ọ̀tún ni. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé bàbá. Ó sáré jáde, ó tọ ọ̀nà tí wọ́n júwe, ó sì bá ilé náà níbẹ̀.

Ẹ̀rín ni ó rín wọlé. "Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò rí i o. Èyí tí ẹ ṣe lójú fèrèsé ni mo fún ní máàkì." Ọkùnrin náà yege, ìyá rẹ̀ sì jó.

Ìwọ tí o wọ yunifásítì wá kọ́ iṣẹ́ yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Máa ya páálí rẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá rò pé ohun tí o kọ́ ọmọ ti yé e, mú un dé ojú fèrèsé. Àgbàlagbà kan tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ń bọ̀ lọ́nà, kò sì ní béèrè ohun tó wà lórí páálí.