Ibi Tí Ìyá Ọmọ́yẹni Ti Ń Wo Sánmà

Ní Etí-Àgbọn, ìlú kékeré kan tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá jẹun nínú àwo kan náà, arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Ọmọ́yẹni. Ilé rẹ̀ kọjú sí òkun gan-an, ọgbà àgbọn méjì sì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní òwúrọ̀, kí ó tó bu omi sójú, yóò gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò sì máa wo sánmà. Ó mọ ìkùukùu tó gbé òjò dání, ó sì mọ èyí tó kàn ń ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ jù ni ẹyẹ. Bí àwọn ẹyẹ òkun bá ti ń yí po lójú kan, tí wọ́n ń já ṣòòrò sínú omi, Ọmọ́yẹni mọ̀ pé ọ̀wọ́ ẹja ṣawá wà lábẹ́ wọn. Bí ẹnìkan bá bi í pé ṣé kì í sú u láti máa wo ohun kan náà lójoojúmọ́, yóò ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ohun kan náà ni?" Ká má purọ́, arúgbó tó ní ilé, tó ní ẹja yíyan lórí àjà, tí ọmọ-ọmọ mẹ́fà ń fi ẹsẹ̀ oníyanrìn gun orí ẹní rẹ̀, kí ló tún ń wá?

Ọmọkùnrin méjì ló bí, apẹja sì ni àwọn méjèèjì. Akínsọwọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ilé rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ilé ìyá wọn. Fẹ́yíṣetán ni àbúrò, tirẹ̀ wà lápá òsì. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wà tẹ́lẹ̀. Akínsọwọ́n a yọjú láàárọ̀, a ní, "Ìyá, ẹ kú ojúmọ́. Níbo làwọn ẹyẹ wà lónìí?" Ìyá a nawọ́ síwájú, wọ́n a sì lọ da àwọ̀n síbẹ̀. Ní ọdún tí à ń sọ yìí, Fẹ́yíṣetán gbẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì kó àwọn tí yóò máa bá a fa àwọ̀n jọ. Inú Ìyá dùn débi pé ó jó yí ọkọ̀ náà ká. Láti ìgbà náà, ẹni méjì ló ń wá béèrè ẹyẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Akínsọwọ́n a kọ́kọ́ dé, Fẹ́yíṣetán a tẹ̀ lé e, nítorí oorun kì í tètè fi í sílẹ̀. Ìyá kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, nítorí náà ibi kan náà ló ń nawọ́ sí fún àwọn méjèèjì.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ri àjẹ̀ rẹ̀ mọ́ iyanrìn láàárọ̀ ló ni omi iwájú ibẹ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ní ọjọ́ kan, Akínsọwọ́n ti ri àjẹ̀, ó ti wọ inú omi, kí Fẹ́yíṣetán tó dé. Dípò kí àbúrò yà sí ibòmíràn, ó ri tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, ó ní Ìyá ló rán òun wá síbẹ̀, ta ló sì ju Ìyá lọ? Ó da àwọ̀n lé àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọn àwọ̀n náà lọ́ mọ́ra, wọ́n fà wọ́n títí wọ́n fi ya, ẹja sì gba ojú ihò bá tirẹ̀ lọ.

Akínsọwọ́n pariwo, "Ṣé o ò rí àjẹ̀ mi ni?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Ìyá bí ni?"

"Bí òkun yìí kò bá gba èmi àti ìwọ, kí ọ̀kan nínú wa fi í sílẹ̀!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe, tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Fẹ́yíṣetán wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n ti ní òkun kò gbà wá. Èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń kó lọ sí ìlú àwọn àna mi."

Ìrìn ọjọ́ méjì lórí omi ni ìlú náà. Àyà Ọmọ́yẹni já. Ó wo ẹní rẹ̀, ó ro ti àwọn ọmọ mẹ́ta tí kò ní gun orí rẹ̀ mọ́. Kò fi ọmú búra, kò sì ké. Ó kàn béèrè pé, "Nígbà wo?"

"Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá gbé àpótí rẹ̀ rù, ó tẹ̀ lé wọn dé ibi tí etí òkun ti yọrí sínú omi, kọjá àwọn ọgbà àgbọn, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti jókòó síbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Bá mi jókòó díẹ̀," ló wí. "Jẹ́ ká jọ wo sánmà. Mi ò mọ ìgbà tí a tún máa jọ wò ó."

Fẹ́yíṣetán jókòó sórí iyanrìn. Kò pẹ́, àwọn ẹyẹ dé. Wọ́n ń já sínú omi níwájú ilé Ìyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá yíjú sápá ọ̀tún, ọ̀wọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ó yíjú sápá òsì, òmíràn tún wà níbẹ̀, títí dé ibi tí agbára ojú rẹ̀ mọ. Àwọn funfun kéékèèké wà, àwọn dúdú ọlọ́rùn gígùn wà, àwọn ẹlẹ́nu ńlá tó wúwo náà wà. Bí àwọn kan ti ń gòkè ni àwọn kan ń já bọ̀, tí wọ́n ń dábùú ara wọn.

Fẹ́yíṣetán gbàgbé pé òun ń bínú. "Ìyá, ẹ wo ìyẹn! Yóò gbá èkejì!" Kò gbá a. "Àwọn méjì yìí wàyí, wọ́n á forí gbárí!" Wọ́n kọjá lára wọn. Ó ń ṣọ́ wọn bí ẹni tó wá wo ìjàkadì, ṣùgbọ́n kò rí ẹyọ kan tó fi ìyẹ́ kan ẹnìkejì.

Akínsọwọ́n ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó ní okùn òun kan ló wà nínú ọkọ̀ àbúrò òun tí òun fẹ́ mú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè okùn wo. Òun náà rọra jókòó.

Nígbà tó pẹ́, Ìyá ní, "Ẹ̀bi mi ni."

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Àlàfo tó wà láàárín ọgbà àgbọn méjì ni mò ń wò láti ẹnu ọ̀nà mi, mo sì rò pé gbogbo òkun nìyẹn. Ibì kan ṣoṣo tí mo rí ni mò ń fi han ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ wo ibi tí ẹja wà! Ẹ wo àwọn ẹyẹ! Wọn kò lóǹkà, síbẹ̀ kò sí èyí tó ní kí èkejì kó lọ sílé àna rẹ̀."

Akínsọwọ́n dìde, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀ lé orí, ó sì kọrí sílé.

"Ẹ̀gbọ́n," Fẹ́yíṣetán ké pè é, ẹ̀rín ti ń gba ẹnu rẹ̀, "okùn tí ẹ wá mú ńkọ́?"

"Okùn wo?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àjẹ̀ ọ̀kan ti wà lápá ọ̀tún etí òkun, ti èkejì wà lápá òsì, ẹja sì kún ọkọ̀ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà etí òkun bá rí ẹni méjì tó ń du ohun tó tó wọn í lò, wọn a nawọ́ sókè, wọn a sì pa á lówe fún wọn pé: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.