Bí Ẹfúnwùmí Ṣe Dí Géètì Òtẹ́ẹ̀lì Etí-Ọ̀sà

Ọ̀tá tó wọ Òtẹ́ẹ̀lì Etí-Ọ̀sà lọ́dún tí ọyẹ́ mú bí abẹ yẹn kò gbé idà, kò gun ẹṣin. Inú ara àlejò kan, oníṣòwò kòkó láti Akẹ́rá, ló sá pamọ́ sí. Ó bá a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ó bá a gun àtẹ̀gùn, ó sì bá a sùn sí yàrá kejìlá. Èkó ni olú-ìlú nígbà náà, òtẹ́ẹ̀lì yẹn sì ni ẹwà Èkó: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin tó funfun bíi lékeléke, tó kọjú sí ọ̀sà bí ìyàwó tó ń retí ọkọ. Bí gómìnà bá ní àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi í wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó yẹn, kò ní ibi ìfọṣọ. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni obìnrin mọ́kànlá ń wá di aṣọ bẹ́ẹ̀dì rù lọ sí agboolé mọ́kànlá ní Ìta Ọ̀ṣọ́rọ̀. Wọn a fọ̀ ọ́ níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, wọn a sá a sórí okùn tí àwọn ọmọ ń sá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Olórí àwọn alágbàfọ̀ wọ̀nyí ni Ẹfúnwùmí Àbẹ̀ní, obìnrin gíga bí igi àràbà, afọṣọ-òyìnbó-má-fojú-bolẹ̀, ẹni tó mọ àbàwọ́n ju bí adájọ́ ṣe mọ olè lọ. Bó bá wo aṣọ lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún ọ pé ọtí ló dà sí i, tàbí ẹ̀jẹ̀ imú, tàbí pé tọkọtaya tó sùn lórí rẹ̀ bá ara wọn jà. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Ìbídùn nìkan ló ṣẹ́ kù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ló sì máa ń tẹ̀ lé e ru aṣọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Hùnsù ará Àgbádárìgì, tó ń tọ́jú àwọn yàrá, kó aṣọ sílẹ̀ fún wọn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Hùnsù, ọkọ gbogbo wa," ni Ràbí, aláwàdà inú wọn, wí. "O ò kí wa lónìí. Ṣé ìyàwó tuntun ti gba ahọ́n ẹ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́rù yín."

"Ó ti gbà á lóòótọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí i pé ìyá òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹfúnwùmí ti tú ẹrù yàrá kejìlá. Àbàwọ́n kéékèèké wà káàkiri aṣọ náà, róbótó róbótó, wọ́n gbẹ, wọ́n le bí èèpo àgbàdo. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, lórí ẹní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Hùnsù, ta ló sùn lórí èyí?"

"Àlejò ni, Ìyá."

"Ọjọ́ mélòó ló ti dùbúlẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́rin."

"O sì rí ara rẹ̀?"

Hùnsù ń fọwọ́ yí fìlà. "Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé, Ìyá. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Ẹ má bá Hùnsù wí jù. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe orúkọ àrùn náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹni tó ni ín má baà jẹ́ ìpè. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń dọ́gbọ́n pè é, ìyẹn náà pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀wọ̀ ni Hùnsù ń bù fún un. Ibà ló sọ fún Máníjà, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, pé ó ń ṣe àlejò náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ yẹn pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Mẹ́ta nínú àwọn obìnrin náà ti gbẹ́rù, wọ́n ti ń lọ sí géètì. Ẹfúnwùmí ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ìgbà náà ló sáré kọjá lára wọn, ó ti géètì, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fi yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣọ̀pọ̀ná ni. Mo pè é. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bá èmi bínú. Ṣọ̀pọ̀ná ló wà nínú aṣọ tẹ́ ẹ rù yẹn."

Ẹrù orí Ràbí já bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan fọwọ́ di etí. Máníjà sọ̀kalẹ̀ wá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ní àsè gómìnà ku ọjọ́ márùn-ún, ẹni tí kò bá gbẹ́rù kó má padà wá mọ́.

"Ọ̀gá," ni Ẹfúnwùmí wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀, "àsè yín á kọjá. Agboolé mọ́kànlá ló wà ní Ìta Ọ̀ṣọ́rọ̀. Mi ò lè sọ iye ọmọ tó wà ńbẹ̀ fún yín, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú wọn. Aṣọ yìí ò ní kọjá géètì. Ẹ fún mi ní àgbá méjì, igi ìdáná, àti kànga ẹ̀yìn ilé ìdáná. Èmi nìkan ni mo tú ẹrù yàrá kejìlá, ọwọ́ mi ti kàn án, èmi ni n ó sè é. Èmi ni n ó sì tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ tó wà lókè yẹn. Kẹ́ ẹ ránṣẹ́ pe dókítà."

Ó ṣí géètì díẹ̀, ó ti àwọn obìnrin náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ òfo. Ìbídùn ló kẹ́yìn. Kò fẹ́ lọ.

"Màmá, ta ló máa bá yín fa omi?"

"Hùnsù wà ńbẹ̀. Ẹni tójú ń tì, omi fífà kì í rẹ̀ ẹ́."

"Màmá."

"Ìbídùn, bó o bá padà gbẹ́sẹ̀ kan sínú ọgbà yìí, èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Máníjà ránṣẹ́, dókítà ìjọba dé, ó gún gbogbo Ìta Ọ̀ṣọ́rọ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n gbé àsè lọ síbòmíràn. Fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni èéfín ń rú lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, tí Ìbídùn ń lọ dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀, tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè: ṣé o jẹun, ṣé ìkòkò ò jò mọ́, ṣé ara ọmọ Ràbí le. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Ẹfúnwùmí jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó fi aṣọ bojú. Ní ogúnjọ́, èéfín ò rú. Hùnsù ló wá, ó dúró lókèèrè, ó ṣí fìlà.

"Ìbídùn, Ìyá ti lọ."

Ara oníkòkó Akẹ́rá yẹn yá, ó bá ọkọ̀ òkun padà sílé.

Ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá mú lọ, a kì í sunkún un. Àwọn àgbà ní kí Ìbídùn dúpẹ́, pé bó bá sunkún, ẹni tó mú ìyá rẹ̀ á padà wá mú òmíràn. Ó wo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, ó sì dúpẹ́ pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Kò rí òkú, kò mọ igbó tí wọ́n sin ín sí. Àwọn kan ní orúkọ tó pè ló pa á. Dókítà ní aṣọ ni. Ìbídùn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kò sí ọmọ kan ní Ìta Ọ̀ṣọ́rọ̀ tí àrùn náà mú lọ.

Ibi tí àgbá méjèèjì dúró sí ni òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ibi ìfọṣọ sí, Kànga Ẹfúnwùmí sì ni orúkọ kànga náà títí dòní. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í jáde ní géètì yẹn mọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá sì rí àìsàn ní yàrá gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ lọ́jọ́ tó bá rí i, ìbáà jẹ́ inú ọyẹ́.

Ìbídùn ni wọ́n fi jẹ olórí ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọpọ́n ìfọṣọ, ó bu omi sójú. Ó tún bu omi mìíràn. Ó ń bù ú títí tí bùbá rẹ̀ fi rin gbingbin, tí èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ràbí la ẹnu láti bi í léèrè, ó sì pa á dé. Ó gbé korobá, ó lọ fa omi sí i fún un. Láti ọjọ́ náà, níbi ìfọṣọ Òtẹ́ẹ̀lì Etí-Ọ̀sà, a kì í bi obìnrin tí ojú rẹ̀ bá tutù pé kí ló dé.