Ẹjọ́ Tí Wọ́n Dá fún Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò

Olójèdé, Baálẹ̀ Òkè-Ìsun, fẹ́ràn ẹjọ́ dídá bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn oyin. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́ tọkọtaya ló dùn mọ́ ọn jù, ẹjọ́ àlọ́ ni. Ní abúlé rẹ̀, bí wọ́n bá pa àlọ́ tán, wọn kì í kàn túká. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ di nǹkan kan bí èèyàn, wọ́n á ní òṣìkà inú àlọ́ nìyẹn, wọ́n á sì gbé e síwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ á bi í ní ìbéèrè. Níwọ̀n ìgbà tí ewé kò sì ní ẹnu, Baálẹ̀ á dájọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á sun ún níná tàbí kí wọ́n wọ́ ọ jù sígbó. Èrò á rẹ́rìn-ín, kálukú á sì gbalé lọ pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gba ti eré yìí. Ó máa ń sọ pé ìtàn tí òṣìkà inú rẹ̀ kò bá sọ tẹnu ara rẹ̀, ìtàn náà kò tíì parí. Olójèdé á rẹ́rìn-ín, á ní ìyàwó òun kò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́. Ó gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ohun tó dára àti ohun tó burú.

Obìnrin kan wà tó ń gbé lẹ́bàá ìsun omi abúlé náà. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ìkòkò ló ń mọ. Opó ni, kò bímọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹni tó bá kí i láàárọ̀ á kọ́kọ́ wò ó bóyá inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan mú, tí gbogbo kànga gbẹ, tí ìsun yìí nìkan ló kù, Àwẹ̀ró kó igi ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà tó sún mọ́ abúlé. Ó ní kí wọ́n máa gba ẹ̀yìn òkè yí ká, lórí àpáta. Ọmọ tó bá fo ẹ̀gún náà, pàṣán ni. Ó na ọmọbìnrin Àjàgbé títí ẹ̀yìn ọmọ náà fi lé.

Àjàgbé yìí ni apàlọ́ abúlé, kò sì sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó tirẹ̀. Ó fi ìbínú lọ bá Àwẹ̀ró, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì padà dé láìsọ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tí wọ́n jọ sọ.

Nígbà tí wọ́n tún jókòó àlọ́, Àjàgbé pa èyí tí ẹnìkan kò gbọ́ rí. Ó ní obìnrin kan wà tí kò bímọ, tí ó sì kórìíra ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní obìnrin náà ṣọgbà yí omi ká kí ọ̀fun àwọn ọmọ lè gbẹ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní amọ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin náà dé ìgúnpá, gbogbo èrò sì mọ ẹni tó ń bá wí. Wọ́n gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú Baálẹ̀. Olójèdé wò ó, ó ní ẹni tó bá fi omi du ọmọ ọlọ́mọ, kí ilẹ̀ Òkè-Ìsun má ṣe gbà á mọ́. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un kò kéré.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí àwọn ọ̀dọ́ fi dé ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ara ewé nìkan ni ìdájọ́ náà mọ. Olójèdé mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Inú rẹ̀ sọ fún un pé kí ó ránṣẹ́ pe obìnrin náà, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn àtẹ́wọ́ kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹjọ́ tí mo dá lánàá, mo ti dá a."

Láti ibi tí ó jókòó sí ni ó ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ìkòkò Àwẹ̀ró. Ó ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ẹrù kan péré ni wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà gbé lórí nígbà tí wọ́n ń lé e kọjá ààlà.

Wọ́n kó ẹ̀gún kúrò lọ́nà, inú abúlé sì dùn. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àníkẹ́, ọmọ ọmọ Baálẹ̀, gbé akèrègbè lọ sí ìsun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti pọnmi ni bèbè ti ya lù ú. Wọ́n fi ọkọ́ wa ilẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi gbé ọmọ náà jáde, kò sí ẹ̀mí níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni wọ́n rí abẹ́ bèbè: ihò ńlá tó fẹ̀ bí yàrá, tí wọ́n ti ń wa amọ̀ nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Àjàgbé bú sẹ́kún. Ó ní Àwẹ̀ró ti sọ fún òun. Ó ní obìnrin náà jẹ́wọ́ pé amọ̀ tí òun ń wà ló jẹ abẹ́ ilẹ̀ náà, pé ojú ń ti òun láti sọ ọ́ fún abúlé, pé ó sàn kí òun na ọmọ ju kí wọ́n sin ín lọ.

Baálẹ̀ béèrè pé, "Kí ló dé tí o kò fi í sínú àlọ́?"

Àjàgbé ní, "Baba, àlọ́ tí òṣìkà inú rẹ̀ bá rojọ́, kì í dùn."

Olójèdé kò nà án, kò sì bú u. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá Àwẹ̀ró lọ sí àbà kan tó jìnnà, ó sì bá a lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóore kan, obìnrin náà ti gbẹ kan eegun. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ pé Àníkẹ́ kú, òun ló kọ́kọ́ sunkún. Olójèdé dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí ó dárí jin òun, kí ó bá òun padà sílé, pé gbogbo ayé ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe òṣìkà.

Àwẹ̀ró mi orí. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ dìde. Òṣìkà ni mí. Èmi ni mo wa ilẹ̀, tí mo panu mọ́, tí mo wá ń na ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá pè mí ni, ẹnu mi yìí náà ni ǹ bá fi sọ ọ́ fún yín, Àníkẹ́ ì bá sì wà láàyè. Ẹnu Àjàgbé nìkan lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ sì dá a. Bí a bá ní ká to àwa òṣìkà bí a ṣe dàgbà tó, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi."

Olójèdé dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Àwẹ̀ró kò bá a padà. Nígbà tí ó dé ilé, tí Mọ́rẹ́nikẹ́ àti gbogbo abúlé béèrè ohun tí obìnrin náà wí, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan kúrò. Ọ̀rọ̀ tí Baálẹ̀ gbé bọ̀ láti àbà lọ́jọ́ náà ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.