Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Abo Ẹṣin Méjì tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń Tà

Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Ṣé ẹ ò jẹun láti àárọ̀ ni? Mo ní, ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti jí. Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò bà lórí igi, òun ò bà lórí àpáta. Àlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ó dá lórí Olóyè Ẹlẹ́dẹ̀, ó dá lórí abo ẹṣin méjì. Jọláadé, fi ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà yẹn sílẹ̀! Kò tíì jinná. Bí ẹ bá gbe orin dáadáa, á jinná kí n tó parí. Bí mo bá ti dá orin, kí ẹ máa wí pé, "Rọra yí o, rọra yí." Ẹ ti gbọ́? Ó dáa.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń fọhùn tí ènìyàn sì ń dá wọn lóhùn, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀. Ìkòkò ni àwọn obìnrin ìlú náà ń mọ. Ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò omi, ìkòkò aró, ọwọ́ wọn ni gbogbo ayé ti ń rà á. Inú kòtò kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wa amọ̀. Amọ̀ ọ̀hún rọ̀, ó fà, kì í là lójú iná.

Ní ọjọ́ kan, Olóyè Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọjá lọ, ó rí kòtò yìí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó sínú rẹ̀, gbàmù! Ó yí gbiri lọ, ó yí gbiri bọ̀. Ó ní, "Háà! Irú ìgbádùn báyìí wà nítòsí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Láti òní lọ, yàrá mi nìyí."

Àwọn amọ̀kòkò figbe ta, wọ́n sáré lọ bá ọba. Ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ bá ọba, ẹrẹ̀ ń kán tó, tó, tó sórí ẹní ọba. Àwọn obìnrin ní àwọn ló ni kòtò. Ẹlẹ́dẹ̀ ní òun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rojọ́ láàárọ̀, wọ́n rojọ́ lọ́sàn-án, wọ́n rojọ́ títí orí fi ń fọ́ ọba. Ọba ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Ní ọjọ́ karùn-ún òní, ẹ ó sá eré ìkòkò mẹ́ta. Ẹni tó bá borí ló ni kòtò títí láé."

Ẹ ò mọ eré ìkòkò mẹ́ta. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé eré inú ẹrẹ̀ nìkan lẹ mọ̀? Wọn á gbé ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀ ní pápá, omi á kún wọn dé ẹnu. Ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lókè réré. Ẹlẹ́ṣin á sáré yí àkọ́kọ́ po, á yí èkejì po, á yí ẹ̀kẹta po, á wá sáré padà síwájú ọba. Ẹni tó bá da ìkòkò nù, ó pòfo. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, ó pòfo.

Bí kòtò bá lọ, amọ̀ lọ nìyẹn. Bí amọ̀ bá lọ, kí ni àwọn obìnrin yìí yóò fi bọ́ ọmọ? Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọ́n yan Àwẹ̀ró láti gun ẹṣin, nítorí òun ló fúyẹ́ jù nínú wọn, ó sì ti gun ẹṣin rí lábúlé bàbá rẹ̀. Wọ́n dá ìkòkò ńlá mẹ́sàn-án jọ fún un kó fi ra ẹṣin kan lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá Ògúnrónkẹ́, olórí amọ̀kòkò, fà á létí. Ó ní, "Àwẹ̀ró ọmọ mi, ẹyọ ẹṣin kan lagbára wa ká. Má lọ ra ìràkurà o."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ta ẹṣin. Ta lẹ fẹ́ kó tà á? Ọ̀kẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ẹnu rẹ̀ ju ti erin lọ. Orí èèkàn ló máa ń dúró sí kí oníbàárà lè rí i.

"Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi àtàtà! Méjì péré ló kù! Ẹ wo èyí, Ẹ̀fúùfù lórúkọ rẹ̀."

Àwẹ̀ró wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù pupa bí epo tuntun. Ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Ọ̀kẹ́rẹ́ tú u sílẹ̀, ó gbéra, fìrììì! Kí Àwẹ̀ró tó ṣẹ́jú, ó ti dé ìdí ìrókò kan lókèèrè.

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì kẹ̀?" Ọ̀kẹ́rẹ́ họ etí. "Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ìdí-Ìkòkò là ń pè é."

Ó dúdú bí ìdí ìkòkò lóòótọ́. Etí rẹ̀ kan wó, ikùn rẹ̀ yọ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ọ̀kẹ́rẹ́ tú u sílẹ̀, ó rìn díẹ̀, kítí, kítí, kítí. Ó rí koríko, ó dúró, ó ń jẹun.

Àkùkọ fò sórí ògiri. "Kékeréèké! Àwẹ̀ró, Ẹ̀fúùfù ni kí o rà! Wo ara rẹ̀!"

Ewúrẹ́ yọjú. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀! Àwẹ̀ró, Ẹ̀fúùfù ni kí o rà! Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Alángbá náà yọjú. Ó kàn ń mi orí, gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n. Ni gbogbo wọn bá ní, "Ẹ ò rí i? Alángbá pàápàá ti fọwọ́ sí i!" Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi bi wọ́n, ọjọ́ wo ni alángbá ò mi orí?

Àwẹ̀ró nawọ́ sí ìjánu Ẹ̀fúùfù. Ó kù díẹ̀ kó mú un. Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò ni. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò? Ìkòkò kì í yí. Amọ̀kòkò ló ń yí ìkòkò po. Á tẹ̀ ba, á máa fi ẹ̀yìn rìn, yí po, yí po, títí ẹnu ìkòkò á fi rí róbótó. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé bí wọ́n bá fẹ́ ra adìẹ, wọn á kọ́kọ́ yí adìẹ po.

Ni Àwẹ̀ró bá tẹ̀ ba, ó yí Ẹ̀fúùfù po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀fúùfù ò tilẹ̀ wò ó. Ìrókò iwájú ló tẹjú mọ́. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀fúùfù, ṣé o mọ yíyà?"

Ẹ̀fúùfù ní, "Kí ló ń jẹ́ yíyà? Iwájú ni mo mọ̀. Iwájú dùn!"

Ó wá yí Ìdí-Ìkòkò po. Ó gba ọ̀tún, ọrùn Ìdí-Ìkòkò bá a lọ sọ́tùn-ún. Ó gba òsì, ọrùn bá a lọ sósì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ara ẹṣin bá a yí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró lójú kan, tiwájú ń ṣí, kítí, kítí, kò tẹ Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀, koríko ò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìdí-Ìkòkò, ta ló kọ́ ọ léyìí?"

"Ta ni yóò kọ́ mi? Ibi tí o ń lọ ni mo fẹ́ mọ̀. Èèyàn kì í kẹ̀yìn sí àlejò."

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, èyí ni mo mú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ já bọ́ lórí èèkàn, pàà! Àkùkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Olóyè Ẹlẹ́dẹ̀ ti dé pẹ̀lú ẹrù iṣu rẹ̀. Ó ní, "Hùn, hùn, hùn! Ó fi Ẹ̀fúùfù sílẹ̀ fún mi! Orí mi mà dáa o!" Ó ju iṣu sílẹ̀, ó fò mọ́ ẹṣin, ó já bọ́. Ó fò mọ́ ọn, ó tún já bọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n bá a ti ìdí sókè.

Ẹ̀fúùfù ní, "Ẹ dákun, Olóyè, èmi ò mọ yíyà o."

"Pa ẹnu dé! Ta ní ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹṣin?"

Nígbà tí Àwẹ̀ró délé, kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Ìyá Ògúnrónkẹ́ wo Ìdí-Ìkòkò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, o ti pa wá." Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń to ìkòkò sí àgbàlá, tó ń gun Ìdí-Ìkòkò yí wọn po, tó sì ń kọrin. Ẹ gbè é!

Ìdí-Ìkòkò, ọ̀rẹ́ mi o,
(Rọra yí o, rọra yí.)
Omi kún, ó kún dẹ́nu,
(Rọra yí o, rọra yí.)
Ìkòkò ò gbọdọ̀ fọ́ o,
(Rọra yí o, rọra yí.)
Kòtò amọ̀ ò gbọdọ̀ lọ,
(Rọra yí o, rọra yí.)

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀ fún Ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún Àwẹ̀ró. Ọba ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó yá!

Fìrììììì! Ẹ̀fúùfù ti dé ìkòkò àkọ́kọ́ kí Ìdí-Ìkòkò tó gbé koríko ẹnu mì. Ẹlẹ́dẹ̀ pariwo, "Yà! Yà!" Yíyà wo? Ó kọjá ìkòkò, ó kọjá pápá, ó kọjá oko, ó gba àárín ìlú kejì kọjá. Wọ́n ń fá orí ọkùnrin kan lọ́wọ́ níbẹ̀, wọ́n ti fá ìdajì. Atẹ́gùn eré Ẹ̀fúùfù fá ìdajì tó kù!

"Yà, mo ní kí o yà!"

"Olóyè, mo ti sọ fún yín!"

Odò ló dá a dúró. Ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fi imú ti Ẹ̀fúùfù nídìí títí ó fi kọjú sílé.

Ní pápá, Àwẹ̀ró ti dé ìkòkò àkọ́kọ́. Kítí, kítí, kítí, wọ́n yí i po. Omi ò ta. Ẹ gbè é! (Rọra yí o, rọra yí.) Wọ́n dé èkejì. Kítí, kítí, kítí, wọ́n yí i po. Omi ò ta. (Rọra yí o, rọra yí.) Àwọn amọ̀kòkò ti ń jó. Ìyá Ògúnrónkẹ́ ti ń tú gèlè.

Àfi fìrììììì! Eruku sọ lójú ọ̀nà. Ẹlẹ́dẹ̀ ti padà dé! Ó dé ìkòkò àkọ́kọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi imú ti Ẹ̀fúùfù nídìí, ó tì í yí ìkòkò po, ó tún gùn ún. Fìrì! Ó dé èkejì, ó bọ́ sílẹ̀, ó tì í yí po, ó tún gùn ún. Eré Ẹ̀fúùfù pọ̀ débi pé pẹ̀lú gbogbo ìtìkutì yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà lòun àti Àwẹ̀ró dé ìdí ìkòkò ẹ̀kẹta wọn.

Àyà Àwẹ̀ró já. Ó fi gìgísẹ̀ gbá ẹṣin níkùn, gbì! Ìdí-Ìkòkò ta gìrì, orúnkún rẹ̀ kan ìkòkò. Ìkòkò mì. Ó mì, gbọ̀ọ̀n. Ó mì, gbọ̀ọ̀n. 

Ìdí-Ìkòkò dúró sójú kan. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ amọ̀kòkò! Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe ìkòkò tútù tí kò tíì rí iná nìyí?"

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó dẹ ìjánu. Ó tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì kan ẹnu ìkòkò, ìkòkò dúró jẹ́ẹ́. Ó dá orin. Ẹ bá a gbè é! (Rọra yí o, rọra yí.) Kítí, kítí, kítí. (Rọra yí o, rọra yí.) Ó ti yí i po!

Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn Ẹ̀fúùfù, ó ń fi imú tì í. Ó tì í, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ń làágùn. Ẹ̀fúùfù gbójú sókè, ó rí ìrókò rẹ̀ lókèèrè, ọ̀nà sì tọ́ gbọọrọ. Ó ní, "Iwájú!" Fìrììì! Ẹlẹ́dẹ̀ ti òfo, ó fi imú lọ kọlu ìkòkò. Gbòlà! Omi dà, ìkòkò fọ́, imú Ẹlẹ́dẹ̀ sì di pẹlẹbẹ. Títí dòní, ó pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í ti ilẹ̀ kiri.

Kítí, kítí, kítí, Ìdí-Ìkòkò rìn dé iwájú ọba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko ìdí ìtẹ́. Ọba ní, "Àwọn amọ̀kòkò ló ni kòtò!" Ariwo sọ. Ìyá Ògúnrónkẹ́ tẹ̀ ba, ó yí ẹṣin náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkùkọ ní, "Kékeréèké! Ṣebí mo ti sọ fún un pé Ìdí-Ìkòkò ni kó rà!" Alángbá ń mi orí.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló lọ mú Ẹ̀fúùfù wá lábẹ́ ìrókò. Ẹlẹ́dẹ̀ ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, ni ọba bá fi í ṣe ẹṣin ìránṣẹ́, ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ nìkan ló ń rán an. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa nìyí: bí o bá fẹ́ ra nǹkan, tàbí o fẹ́ yan ọ̀rẹ́, má fi ojú ọjà yàn án. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi í ṣe ni kí o wò, kí o yí i po dáadáa, kí o sì bi í léèrè. Bó bá sọ òtítọ́ fún ọ, má pa á lẹ́nu mọ́ bíi ti Ẹlẹ́dẹ̀.

Mo gbé àlọ́ mi yí po, mo sì gbé e délé láìda omi. Bí mo bá parọ́ nínú rẹ̀, kí ìkòkò ẹ̀wà yìí là lójú iná. Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí… Kò là. Jọláadé, gbé àwo wá.