Ìsọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ìjàpá

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí èmi nìkan ni mo jókòó síbí ni?

— Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ẹ sún mọ́ iná. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, eruku bò ó dé orúnkún. Kò yà sílé ẹnì kankan, àfi ìgbà tó dé etí odò kan tó bá Ìjàpá níbẹ̀, òun nìkan.

Ní ìlú àwọn ẹranko, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń fọhùn, ibi tí wọ́n ti ń sùn náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìnàkí ń rọ irin lẹ́bàá ibùsùn ẹni ẹlẹ́ni. Ìmàdò ń fún epo, ó ń da omi rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹlòmíràn ń jó eérú ọṣẹ. Èéfín bo ìlú. Ìyá Ẹtu bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ náà ń wúkọ́. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ẹ má bi mí bóyá oorun ló gbé e lọ. Kì í ṣe oorun.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, Erin, ọba wọn, pe gbogbo ìlú jọ.

"Ohun tó bá ń rú èéfín, ohun tó bá ń pariwo, ohun tó bá ń rùn, òdìkejì odò ni. Ẹ lọ kọ́ ìsọ̀ yín síbẹ̀. Kí ẹ so màrìwò mọ́ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè mọ̀ ọ́n. Ìsọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá odò wá sáàárín ilé mọ́ láéláé. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sùn sáàárín ìsọ̀. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀, ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé nìyẹn. A ó wó èyí tó ní níhìn-ín."

Wọ́n ní kí Ìyá Ẹtu máa jókòó létí odò, kí ó máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀, wọ́n á kọjá. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á fi eérú bo iná, wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ nínú odò, wọ́n á padà sílé. Òdìkejì odò á wá dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rìn jìnnà kò lè mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ti inú igbó dára jù ú lọ. Igbó kò pariwo fún ọ rí kó tó dákẹ́.

Ó ku Ìjàpá. Ìjàpá kò níṣẹ́. Àmọ́ ó ní ilé kékeré kan, ó sì ní ìyàwó, Àwẹ̀ró, tó mọ iyán gún. Ọyẹ́ dé. Ihò kan wà lára ògiri wọn tó kọjú sí odò, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ẹ bá wa po ẹrẹ̀ dí ihò yìí."

Ìjàpá ní, "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ẹ̀yìn ń dun Ìjàpá! Ẹ̀yìn tó le ju àpáta lọ! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni.

Dípò kí ó po ẹrẹ̀, ó ronú kan iná Ìnàkí tí wọ́n máa ń fi eérú bò, tí ó máa ń móoru títí di àárọ̀. Ó ronú kan epo tí Ìmàdò ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò kó lè tutù. Ó sọ fún Àwẹ̀ró pé òun ń lọ kí ará òun kan. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n ń padà, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹwìrì tí Ìnàkí fi ń fẹ́ná. Ó lá epo. Ó wọ inú eérú, ó na ẹsẹ̀. Oorun náà dùn débi pé ilẹ̀ mọ́, kò mọ̀.

Ẹ̀mú Ìnàkí ló jí i. Kọ́ọ́, lẹ́yìn!

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, bàbá alágbẹ̀dẹ. Mo tètè dé síṣẹ́ ni."

"O tètè dé, epo sì ti gbẹ mọ́ ọ lágbọ̀n? Dìde, olè!"

Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú Erin. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn kan ti gbé ọkọ́ àti àáké, wọ́n ti yí ilé Ìjàpá ká. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá odó rẹ̀ mọ́ra. Ìjàpá rí i lókèèrè.

Ó ní, "Kábíyèsí, inú ń run mí. Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́yìn ilé díẹ̀."

Wọ́n jẹ́ kó lọ. Ó ṣa ẹyín iná kan nídìí ààrò, ó fi háhá àgbàdo tútù wé e, ó tì í bọ abẹ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó padà wá, ó gbórí sókè bí ìjòyè.

"Kábíyèsí, ta ló ní mo sùn? Ìsọ̀ mi ni mo gbé lọ síbi tí ẹ ní kí ìsọ̀ wà. Èyí tí ẹ rí lẹ́yìn mi yìí kì í ṣe ilé. Ìsọ̀ ni!"

Bó ti ń sọ ọ́ ni èéfín ń jáde lọ́rùn rẹ̀, ó ń jáde nídìí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjàpá ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Erin ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe nínú rẹ̀?"

"Èéfín, Kábíyèsí. Èéfín gan-an ni mò ń ṣe."

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹtu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Ìjàpá, ọmọ mi, rò ó dáadáa. Kò sí igun kékeré kan níbẹ̀ tó jẹ́ ilé?"

"Kò sí, ìyá."

"Ibi tí o máa ń kó orí wọ̀ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ni mò ń bẹ̀ wò níbẹ̀!"

"Ṣé wàá búra?"

Ìjàpá fi ahọ́n kan irin Ìnàkí. Ó búra.

Erin ní, "Ohun tó bá ń rú èéfín, ìsọ̀ ni. Ẹ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ so màrìwò mọ́ ìsọ̀ rẹ̀, kó gbé e padà síbi tí ìsọ̀ ń gbé."

Ìnàkí so ó. Ó fà á le, ó so ó ní ìbú, ó so ó ní òró, títí ó fi wọ èèpo náà lára. Ìjàpá kò bìkítà. Ó ń jó kọjá odò, ó ń kọrin. Ẹ gbè é fún mi, ẹ ní "Odò ń ṣàn, odò ń lọ."

*Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ilé,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Ìsọ̀ ni mo gbé pọ̀n,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Àwẹ̀ró, gbé odó wọlé,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Ilé wa kò ní wó mọ́,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Ìmàdò gbé ìkòkò epo rẹ̀ rù, ó ní ojú ti là. Ìnàkí fi eérú bo iná. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀. Ìjàpá náà wẹ ẹsẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ó ti ń gbọ́ odó Àwẹ̀ró: gbì, gbì, gbì.

Ìyá Ẹtu na ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Níbo?"

"Ilé ni, ìyá. Iyán ti ń tutù."

"Màrìwò wà lẹ́yìn rẹ. Ìsọ̀ kì í kọjá odò."

"Ìyá, ẹ má ṣe mí ní yẹ̀yẹ́."

"Ó pẹ́ tí mo ti ṣe yẹ̀yẹ́ gbẹ̀yìn. Bọ́ ìsọ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, kí o máa kọjá bọ̀."

Kí lo wí, ìwọ ọmọ yìí? Kí ló dé tí kò bọ́ ọ? Ìwọ náà bọ́ egungun ẹ̀yìn rẹ kí n rí i.

Ìjàpá gbìyànjú. Ó yí gbirigbiri lórí òkúta. Ó fà, ó jà. Ó sunkún, ó ní, "Ìyá, irọ́ ni mo pa. Ilé ni. Ilé ni í ṣe."

Ìyá Ẹtu ní, "Mo mọ̀. Mo bi ọ́ títí ẹnu fi ro mí."

Ó rán Ìnàkí sí Erin. Erin ní ọba kì í tutọ́ sílẹ̀ kó padà lá a; ìsọ̀ kì í sùn, nítorí náà kí wọ́n má wó ilé.

Bí ilé kò ṣe wó nìyẹn o. Onílé ni kò lè wọ̀ ọ́.

Àwẹ̀ró ń gbé iyán wá bá a lọ́sàn-án. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ padà. Bó bá sùn tì í, wọn á wó ilé, ó sì ní ẹyin tó ń ṣọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun. Lọ́jọ́ kan Àwẹ̀ró ní, "Ihò ara ògiri yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni Àwẹ̀ró ti ń gbé fìtílà sí ẹnu ihò náà nírọ̀lẹ́. Iná rẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde, á kọjá lórí omi. Ìjàpá á na ọrùn, á rí i. Á wá kọrin. Ẹ gbè é, ṣùgbọ́n ẹ rọra.

*Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ìsọ̀,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Ilé ni mo gbé pọ̀n,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Àwẹ̀ró, mo rí iná rẹ,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.
*Má ì tí ì pa á,*
— Odò ń ṣàn, odò ń lọ.

Ọyẹ́ mìíràn dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹyin ti pa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Ẹtu gbọ́ ọ bó ti ń kọjá lọ, ó yà wọlé, ó dúró, ó tẹ́tí. Ó lọ pọn omi wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìjàpá na ọrùn. Kò rí iná. Ó nà án sí i. Ògiri nìkan ló rí, ó dúdú, ó dán, ó ṣì tutù.

Àwọn obìnrin méjèèjì ti po ẹrẹ̀. Wọ́n ti dí ihò náà.

Ìjàpá dúró títí. Ó wá fa orí wọ inú èèpo, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí àmì òró àti ìbú lẹ́yìn ìjàpá. Ojú ibi tí wọ́n ti fi màrìwò so ó ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pàdé rẹ̀ létí omi, òun nìkan ni, á na ọrùn jáde, á wo òdìkejì díẹ̀, á tún fà á wọlé. Ẹ má fi igi gún un. Ẹ jẹ́ kó wò ó.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ọ̀nà gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Bí n kò bá purọ́, kí ẹni tó ní ilé nínú yín dìde, kó máa lọlé. Èmi á ti fi eérú bo iná yìí.