Ikùn Tó Ń Bọ̀

Kíká là ń ká ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù, a kì í gé e. Ta ló mọ ikùn tó ń bọ̀?

Bí wọ́n ṣe ń pa á lówe ní Òkè-Èsúró nìyẹn. Wọ́n ń pa á fún olóyè tó fẹ́ sọ ilé oyè di ilé ara rẹ̀. Wọ́n ń pa á fún alága ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń yí òfin ẹgbẹ́ padà nítorí pé òun ló wà lórí àga lónìí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á máa wo ẹnu ẹni tó pa á. Kí ló kan ikùn nínú ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù? Ta sì ni ẹni tó ń bọ̀, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn abẹ́rẹ́, kò sì ṣẹ̀yìn iyán.

Nígbà tí wọ́n sọ Òkè-Èsúró di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà lábẹ́ rẹ̀, abẹ́ òrùlé koríko sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbàdúrà. Síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù àwọn wọ aṣọ àyálò. Àwọn ìyá ìjọ ra àrán pupa, wọ́n gbé e fún Fébè aránṣọ. Fébè rán ẹ̀wù gígùn kan tó ní bọ́tìnnì méjìlá níwájú, ó sì fi orúkọ àpọ́sítélì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Pétérù ló wà lọ́rùn, Mátíà ló kángun sísàlẹ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan wá fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe àmì tirẹ̀ sí i lára. Àwọn ará Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọn ò rí àyè mọ́ àfi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ abíyá. Ibẹ̀ ni wọ́n ya ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwọn sí, wọ́n sì ń ráhùn.

Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá gun orí ìtẹ́ àti ọjọ́ àjọ̀dún ńlá ibùjókòó náà, tó máa ń pẹ́ kó tó dé, nìkan ni wọ́n ń wọ ẹ̀wù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, inú àpótí ló ń gbé pẹ̀lú kanafùrù.

Adégbìjà ni bíṣọ́ọ̀bù kìíní. Sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin ni. Tó bá jókòó, àga á ké. Gbogbo àrán náà ló wọ̀, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù. Ẹni kejì ni Ajíbówú, ọkùnrin kúkúrú tó jẹ́ pé bó bá gun púlípítì, fìlà rẹ̀ nìkan làwọn tó wà lẹ́yìn máa ń rí. Àwọn àgbà ìjọ ní kí Fébè gé ẹ̀wù náà kù. Fébè ní rárá o. Ó ká etí rẹ̀ wọlé, ó ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé, ó fi òwú dì í mú. Nígbà tó kan Lálẹ́yẹ, ẹni kẹta, tó ga tó sì gbẹ, Fébè tú etí sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ní kíká. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀wù tuntun ni. Àwọn ará Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ pé ẹ̀wù àtijọ́ ni, torí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí Fébè ń kú lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Dọ́kásì, tó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀ wúrà.

"Dọ́kásì," ó ní, "bíṣọ́ọ̀bù á lọ, òmíràn á dé. Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Má fi àlùmọ́gàjí kàn án láyé."

Dọ́kásì búra fún un, ìyá sì sùn.

Ẹni kẹrin ni Ṣóyọmbọ̀. Ó kàwé, ó mọ orin kọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ̀ pé òun tẹ́ẹ́rẹ́. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn yí òkè ká lẹ́ẹ̀mejì. Ègé ìbẹ́pẹ méjì ló ń jẹ sùn. Nígbà tó kọ́kọ́ bá àwọn àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó na ìka sí wọn, ó ní, "Àlùfáà tí kò lè rí bàtà ara rẹ̀ nígbà tó bá dúró, báwo ló ṣe fẹ́ rí ẹ̀ṣẹ̀ ìjọ rẹ̀?" Gbogbo àlùfáà wo ẹsẹ̀ wọn. Àwọn méjì nínú wọn kò rí nǹkan kan.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó gun orí ìtẹ́, Dọ́kásì gbé ẹ̀wù lọ fún un láti dán an wò. Ọkùnrin náà gbé e wọ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀wù yìí? Ó dà bíi pé mo há nǹkan mọ́ abíyá."

"Àrán ni, Olúwa mi. Mo ká a wọlé ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò gé e?"

"Nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni, Bàbá."

Ẹnu ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Kò sí ohun tó ń bí olóyè nínú tó kí a máa dárúkọ àrólé létí rẹ̀ nígbà tí kò tíì jókòó.

"Ẹni tó ń bọ̀!" Bíṣọ́ọ̀bù Ṣóyọmbọ̀ bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn. "Ẹ gé e, Màmá. Kí ẹ sì kó ègé tí ẹ bá gé wá, kí n fojú ara mi rí i. Bí ọwọ́ yín ò bá ká a, àwọn aránṣọ wà n'Íbàdàn tí wọn ò ní bá mi jiyàn."

Dọ́kásì gbé ẹ̀wù padà sílé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bú sẹ́kún. Bó bá gé e, ó ti da ìyá rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ̀wù á di èrò Ìbàdàn, ẹni tí kò mọ Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn sọ nù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀. Ìwọ̀nba àrán tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹ̀wù náà ni Fébè fi bo ìrọ̀rí orí àpótí náà. Dọ́kásì wò ó títí. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Ó ya àrán kúrò lára ìrọ̀rí, ó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù ká, ó ká a le, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ láti inú títí tó fi pẹlẹbẹ.

Bíṣọ́ọ̀bù gba àwọn ègé náà, ó fọwọ́ pa wọ́n wò. "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ohun tí mo gé nìyí, Bàbá."

Kò parọ́, kò sì sòótọ́. Bíṣọ́ọ̀bù da ègé nù, ó wọ ẹ̀wù, ó gun orí ìtẹ́, gbogbo ìlú sì ní àwọn ò rí bíṣọ́ọ̀bù tó gún régé tó báyìí rí.

Ṣùgbọ́n Dọ́kásì kò ní ìsinmi mọ́. Ẹni tó tan bíṣọ́ọ̀bù jẹ, ọwọ́ wo ló máa nà sí i gba ara Olúwa? Sunday kìíní tí wọ́n pè wọ́n síbi ìdàpọ̀ mímọ́, ó ní orúnkún ń dun òun. Ìkejì, ó ní ikọ́ ni. Nígbà tó yá, àìsàn tán lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ń jókòó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfófó. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ọkùnrin ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn ún tó àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ síwájú pẹpẹ. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ìjọ wò, láti gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lórí. Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ síwájú rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo bíṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní omi nìkan tó òun.

Bàbá Ìjọ wọn, arúgbó kan tí kò léyín lẹ́nu mọ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò dìde.

"Bàbá," ó ní láti ilẹ̀, "ọwọ́ tí kò bá wọ abọ́ wa kò lè gun orí ọmọ wa."

Bíṣọ́ọ̀bù wo àwọn ọmọ tí wọ́n tò sílẹ̀ nínú aṣọ funfun. Kò sí èyí tó mira. Ó fọwọ́, ó bu òkèlè kan. Ẹni tó ń fi ìbẹ́pẹ sùn kò tíì pàdé iyán tí wọ́n gún lójú ẹni ni. Òkèlè kan bí méjì, méjì bí mẹ́rin, títí abọ́ fi ṣófo. Nígbà tó dé ìjọ kejì, wọ́n ti gbọ́ pé ó jẹun ní Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ta ló fẹ́ fojú di ìjọ kejì nítorí àkọ́kọ́? Ìjọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin. Ìrìn àárọ̀ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù, ó di ìtàn. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù ń sún bọ́tìnnì aṣọ ojoojúmọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún un. Ojú nìkan ni dígí ilé wọn ń fi hàn, nítorí náà ọkọ kò mọ nǹkan kan.

Ni ibùjókòó náà bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n fi ìpàdé ọpẹ́ sí Thursday, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Lọ́sàn-án Tuesday, Ṣóyọmbọ̀ ṣí àpótí, ó gbé ẹ̀wù àrán wọ̀. Pétérù wọlé. Áńdérù wọlé. Jákọ́bù àti Jòhánù janpata kí wọ́n tó wọlé. Fílípì já. Láti Bátólómíù lọ sísàlẹ̀, bọ́tìnnì wà ní Sókótó, ihò wà ní Ìjẹ̀bú.

Ọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò rí bàtà.

Dọ́kásì ń wọn aṣọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gba ilé ìdáná wọlé, ó ń làágùn, ó gbé ẹ̀wù há abíyá. Obìnrin náà fi aṣọ sílẹ̀. Ó ní lọ́kàn pé ó ti tán, àṣírí ti tú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," bíṣọ́ọ̀bù ní, ó sì jókòó sórí àpótí, "irú àrán yìí, ṣé a lè rí i rà níbì kan?"

"Bàbá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni o. Ẹni tó hun ún gan-an lè ti kú."

"Mo da àwọn ègé yẹn nù." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà á rí mi. Àwọn àlùfáà mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ bàtà yẹn. Màmá, ojú ń tì mí."

Dọ́kásì mọ̀ pé bóun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Ẹ̀bi á jẹ́ ti ẹni tó ní kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n àánú ọkùnrin náà ṣe é, ọdún mẹ́rin náà sì ti sú u. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. N ò gé e."

"Kí ni ẹ ò gé?"

"Ẹ̀wù. Ìyá mi ti mú mi búra. Ohun tí ẹ jókòó lé yẹn ni mo gé."

Bíṣọ́ọ̀bù dìde, ó wo ìdí ara rẹ̀. Ìrọ̀rí orí àpótí wà ní ìhòòhò, òwú rẹ̀ ń yọ jáde. Ó gbé ẹ̀wù, ó yí inú rẹ̀ síta, ó rí àrán pupa tí wọ́n ká bí ewé inú ìwé, àti góńgó orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ń yọjú.

"Láti ọdún mẹ́rin! Ta lẹ wá ń pa á mọ́ dè?"

"Ẹni tó ń bọ̀, Bàbá."

Bíṣọ́ọ̀bù wo ikùn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó ń kí àlejò.

"Màmá," ó ní, "ó ti dé."

Ẹ̀rín mú un, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ikùn náà sì ń bá a rín in. Dọ́kásì kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún, ó bá ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ní kí bíṣọ́ọ̀bù fìyà jẹ òun kí ọkàn òun lè balẹ̀.

"Ìyà yín," ni ó dáhùn, "ni pé kí ẹ tú u kó tó di ọ̀la. Èyí tó kù ti Olúwa ni, Ó sì ti dárí rẹ̀ jì yín. Èmi náà ti dárí jì yín. Kí ẹ bá mi bẹ ìyá yín."

Lọ́jọ́ Thursday, bíṣọ́ọ̀bù rìn wọlé, àpọ́sítélì méjèèjìlá wà ní ipò wọn. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì pé. Ariwo ta ní ìlà àwọn ará Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá Ìjọ aláìléyín fò sókè, ó ní, "Iyán wa ló tì í jáde!" Ṣóyọmbọ̀ kò bínú. Ó gun púlípítì, ó ro gbogbo rẹ̀, láti orí bàtà dé orí ìrọ̀rí, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà sì di ẹ̀gbẹ́ mú nítorí ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n pe ìdàpọ̀ mímọ́, Dọ́kásì ló kọ́kọ́ dìde. Ìjọ na ọrùn wò ó. Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó tẹ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀, ó fi ara Olúwa sí i lọ́wọ́, ó sì rọra bi í létí pé, "Màmá, ṣé àrán inú ẹ̀wù ti tán pátápátá?"

"Ó ku ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, Bàbá."

"Àmín," ni bíṣọ́ọ̀bù wí.

Bíṣọ́ọ̀bù mìíràn ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ṣì ń bọ̀, ẹ̀wù kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà lórí àga lónìí tí ẹ mú àlùmọ́gàjí dání, ẹ rántí Òkè-Èsúró. Ẹni tí ẹ ń gé e mọ́ lè má jìnnà sí yín rárá. Kíká là ń ká ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù, a kì í gé e. Ta ló mọ ikùn tó ń bọ̀?