Àkísà Inú Áńpù

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ládépò ti mọ òwe yìí sórí tipẹ́, àmọ́ ìgbà tó ra áńpù gìtá ló tó yé e.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn gìtá jáde ni, àfọwọ́ṣe láti òkè òkun, tí gílóòbù inú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹyin iná. Alùpùpù rẹ̀ ló tà kó tó rí i rà. Síbẹ̀, gbogbo bó ṣe ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ tó, ohùn rẹ̀ kò wọni lára bíi ti Bàbá Fátókì, àgbà onígìtá Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ áńpù onígílóòbù kékeré náà ni ti Bàbá, ọ̀pọ̀ lásán ni wọ́n rà á.

“Bàbá ti fi nǹkan pa mọ́ sínú tiwọn,” ni Ládépò wí lọ́kàn. Ló bá tọ̀ wọ́n lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ẹ̀yìn áńpù wọn, wọ́n fi inú rẹ̀ hàn án. Sípíkà rẹ̀ ti ya, àkísà àǹkárá kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀.

“Ara aṣọ ìró ìyàwó mi, ìyá Dàmọ́lá, nìyẹn,” ni Bàbá wí. “Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo ta gìtá títí sípíkà fi ya.”

Ládépò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gé díẹ̀ fún mi nínú aṣọ yẹn, kí n lọ fi lẹ tèmi.”

Bàbá wò ó tàánútàánú, wọ́n fà á dìde.

“Ọmọ mi, tìrẹ ò tíì ya. Kí lo fẹ́ lẹ̀?”